Bí a ṣe ń fi eruku òkúta kúárì àti bọ̀tọ̀ sọ yangí ẹ̀yìnkùlé di ilẹ̀dú ní Àbújá

Ẹni tó bá ti gba Mpape kọjá nígbà ọyẹ́ mọ eruku tí mò ń sọ. Á bo ewé máńgòrò títí igi náà á fi dà bí ẹni tó fi ẹfun kunra. Kúárì ló ń tú u jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń kọ́lé. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù máa ń ra èyí tó rí wóró-wóró nínú rẹ̀. Èyí tó kúnná bí èlùbọ́, tó ń kó jọ sábẹ́ ẹ̀rọ àti sí ìsàlẹ̀ kòtò omi tí wọ́n fi ń fọ òkúta, wọn kì í fẹ́ ẹ, torí bó bá pọ̀ jù nínú kọnkéré, ó ń bà á jẹ́ ni. Èyí tí wọn ò fẹ́ yẹn ni àgbẹ̀ ń wá.

Èmi náà ti ṣe é ní òdì rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé eruku òkúta ń jí ilẹ̀, mo ra bárò méjì, mo dà á sórí ebè ewédú mi ní Dutse Alhaji, mo fi ọkọ́ tẹ́ ẹ dáadáa. Àkọ́rọ̀ òjò dé, oòrùn ràn lé e, ojú ebè gan bí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ewédú tó rọ́nà yọ kò ju mélòó kan lọ, wọ́n wà káàkiri bí irun orí arúgbó. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì wa yọjú wò ó. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé pálọ̀ lẹ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ni?"

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé òkúta kì í ṣe fàtiláísà. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́: pòtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù, màgnísíọ̀mù, irin, àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bíńtín. Àmọ́ ó wà níbẹ̀ bí owó ṣe ń wà nínú kóló. Ohun tó ń fọ́ kóló náà ni omi àti ásíìdì wẹ́rẹ́ tí gbòǹgbò, olú àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ń tú jáde níbi tí nǹkan bá ti ń jẹrà. Níbi tí nǹkan kan ò bá ti jẹrà, òkúta á jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Náítírójìn, tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, ẹ má wá a nínú òkúta rárá. Inú ìgbẹ́ ẹran àti ewé tútù ló wà. Nítorí náà, inú òkìtì ajílẹ̀ ni eruku yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀, kó gbé ibẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó tó dé orí ebè. Gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi dúró lórí èyí.

1. Ẹ mọ ibi tí eruku ti wá

Bí ẹ bá fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo ibí yìí. Kì í ṣe gbogbo pàǹtírí òkúta ló yẹ kó dé ibi tí èèyàn ń gbin ohun jíjẹ sí.

Lọ́dún 2010, ní Dareta àti Yargalma ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé. Lẹ́ẹ̀dì (òjé), tó jẹ́ májèlé, pọ̀ nínú òkúta ọ̀hún. Eruku rẹ̀ dà sílẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀, adìẹ ń tan ibẹ̀. Àwọn ọmọdé tó kú ní àgbègbè náà lé ní 400. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fún yín ní iyẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, tàbí ibi tí wọ́n ti ń wa lẹ́ẹ̀dì àti síńkì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá. Bákan náà ni iyẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti wa tánganran ní Jos: ohun tó ń ta ìtànṣán tí a kò lè fojú rí, tó ń pa ara lára, wà nínú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń gé táìlì àti mábù ní Dei-Dei àti káàkiri ìlú náà máa ń ní ẹrẹ̀ funfun nídìí ẹ̀rọ wọn. Èyí tó bá jẹ́ mábù gidi nìkan dára, ẹ ó rí ìlò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń gé táìlì alámọ̀ àti òkúta àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ fi í sílẹ̀. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì tó dà sílẹ̀ níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe májèlé, àmọ́ ó máa ń mú ilẹ̀ ṣe bí eérú tó pọ̀ jù, ohun ọ̀gbìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ó wá ku òkúta kúárì. Gíránáìtì àti gneiss ló pọ̀ jù nínú òkúta Àbújá. Gneiss ni èyí tí ẹ máa rí pé ó ní ìlà dúdú àti ìlà funfun bí aṣọ òfì. Ohun tí mo rí kọ́ rèé: òkúta tó bá dúdú jù ló dára jù. Funfun tó ń dán bí ìgò nínú rẹ̀ ni quartz, kò ní oúnjẹ kankan fún ohun ọ̀gbìn. Àwọ̀ pọ́ńkì tàbí wàrà ni feldspar. Pòtásíọ̀mù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó jáde. Dúdú tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja ni biotite, òun ló ń yára yọ̀ǹda pòtásíọ̀mù tirẹ̀. Ẹ bu eruku sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ yí i sí oòrùn. Bí ìpẹ́ wínníwínní dúdú àti àwọ̀ wúrà bá ń kọ mànà nínú rẹ̀, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Orílẹ̀-èdè Brazil ló ti ṣe òfin sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ pupa tiwọn jọ tiwa, òkèèrè ni wọ́n sì ti ń ra èyí tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ nínú fàtiláísà wọn. Lọ́dún 2013, wọ́n fi òfin ka òkúta lílọ̀ mọ́ ohun tí àgbẹ̀ lè rà bí ajílẹ̀. Wọ́n ní kí kálísíọ̀mù, màgnísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù inú rẹ̀, bí a bá kà wọ́n pọ̀ bí oxide (ìyẹn, pẹ̀lú ọ́síjìn tó so mọ́ wọn), má dín ní 9%, kí quartz má sì ju 25% lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: púpọ̀ nínú gíránáìtì wa ni kò lè kọjá nínú ìdánwò yẹn, quartz rẹ̀ ti pọ̀ jù. Basalt ló ń kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, òkúta dúdú tó ti inú iná ilẹ̀ jáde, èyí tó wà ní Jos lápá Panyam àti Kerang, àti ní Biu ní Borno. Bí ẹni yín kan bá ń ti Jos bọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé àpò méjì wá. Àmọ́ kí ẹ háyà típà nítorí òkúta láti Jos dé Àbújá, owó epo á jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Ohun tó mú ọ̀nà yìí mọ́gbọ́n dání ni pé pàǹtírí tó wà nítòsí ni a ń lò. Gíránáìtì itòsí tó ní biotite dáadáa, tí a wá fi ìgbẹ́ ẹran sè, ó tó mi.

2. Ìdánwò mẹ́ta tí kò gba owó

Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí eruku náà. Bó bá ń hó ṣìì, mábù tàbí òkúta ẹfun wà níbẹ̀. Gíránáìtì kì í hó. Ẹ lò ó láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ pé àwọn ń tà fún yín náà ni wọ́n gbé wá.

Ẹ bu eruku sínú ìgò, ẹ pọn omi sí i, ẹ jù ú mì, kí ẹ gbé e sílẹ̀. Èyí tó ki á rì lójú ẹsẹ̀. Bí omi orí rẹ̀ bá ṣì rí bí omi ògì lẹ́yìn wákàtí kan, ó kúnná dé ibi tó yẹ. Bí omi bá mọ́ gaara láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iyanrìn ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rọ kúárì ń mu dísù, ó sì máa ń jò. Eruku tó bá ń rùn dísù, ẹ dá a padà.

3. Kíkó o wálé láìba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́

Eruku quartz tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́. Àpá ló ń dá síbẹ̀. Silicosis ni orúkọ àìsàn náà, kò sì ní ìwòsàn. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì kó eruku gbígbẹ sí kẹ̀kẹ́ nínú ọyẹ́, tó kàn fi singlet bo imú, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ ní kí wọ́n wọ́n omi sí i kí wọ́n tó kó o. Ẹ kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì tí kò ya, kí ẹ dì í lẹ́nu. Ìbomú tó dúró gírí ni kí ẹ lò. Aṣọ wínníwínní kò lè dá eruku yìí dúró.

Mo máa ń fi asẹ́ gbígbẹ sẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, mo ti jáwọ́. Omi ni mo ń fi sẹ́ ẹ báyìí. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé sí ẹnu dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi okùn dè é yíká. Ẹ bu eruku lé e, kí ẹ máa da omi lé e lórí, kí ẹ máa fi ọwọ́ rò ó bí ìgbà tí obìnrin ń sẹ́ ògì. Ihò nẹ́ẹ̀tì yẹn kò tó 2 mm, ìwọ̀n tí àwọn ará Brazil ní kí gbogbo òkúta tí wọ́n bá tà bí èyí tó kúnná lè gbà kọjá. Wọ́n tún ní kí ìdajì rẹ̀ kéré ju 0.3 mm lọ. Èyí tó kúnná á ṣàn lọ sínú dúrọ́ọ̀mù, á di omi eérú ṣíṣan. Ṣàngílítí tó kù lórí nẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á sí ọ̀nà àárín ebè kí bàtà yín má bàa máa gbé ẹrẹ̀ wọlé. Ní báyìí, eruku ò fò sókè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi òkúta yìí rọrùn láti dà sínú òkìtì ajílẹ̀ ju eruku gbígbẹ lọ.

4. Mímọ òkìtì

Oṣù September sí October ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Òjò ṣì kù díẹ̀, ewé tútù pọ̀, pòròpórò àgbàdo wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó o. Bí òjò bá máa fi bẹ̀rẹ̀ padà ní April, ajílẹ̀ ti jinná.

Ohun gbígbẹ: pòròpórò tí a gé wẹ́wẹ́, ewé gbígbẹ, èèpo ìrẹsì láti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì, tàbí ìdọ̀tí pákó (kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán pa pákó náà). Ohun tútù: koríko tí kò tíì so, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó bàjẹ́ lọ́jà. Lẹ́yìn náà ìgbẹ́. Bọ̀tọ̀ wà ní kárà, ìgbẹ́ adìẹ wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa àti Fúlàní, *taki* ni kí ẹ béèrè, wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń wí.

Wọn ò lo bọ̀tọ̀ lásán níhà Àríwá yìí. Ní Samaru, ní Zaria, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan láti 1950, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ̀tọ̀ àti fàtiláísà sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Fàtiláísà alámóníà nìkan ń sọ ilẹ̀ di kíkan. Ibi tí bọ̀tọ̀ bá wà, ilẹ̀ ń dúró dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ibi tí òjìji wà, abẹ́ máńgòrò dára. Ẹ to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi páànù tí àwọn lébìrà fi ń ru kọnkéré wọn ìwọ̀nyí:

- páànù 5 ohun gbígbẹ
- páànù 3 ohun tútù
- páànù 2 bọ̀tọ̀ tàbí ìgbẹ́ adìẹ
- omi òkúta tí eruku inú rẹ̀ tó ìdajì páànù, kí ẹ dà á káàkiri, kó má dúró sójú kan

Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, á sún mọ́ 1 m ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gbóná. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé nínú bí ogún páànù, ẹyọ kan péré ni òkúta. Ó máa ń wu èèyàn láti fi kún un. Ẹ má dán an wò. Mo ti dán an wò fún yín, òkìtì náà dì bí amọ̀, ó sì ń rùn bí gọ́tà.

Eérú àti eruku mábù kò gbọ́dọ̀ bá ìgbẹ́ adìẹ tútù pàdé nínú òkìtì. Tí wọ́n bá pàdé, òórùn kan tó ń ta imú bí ìtọ̀ àná á gba gbogbo àgbàlá. Náítírójìn yín ló ń fò lọ yẹn.

5. Ooru, omi, yíyí

Ẹ ki irin róòdù bọ àárín òkìtì ní ọjọ́ kẹta, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fà á yọ kí ẹ dì í mú. Bí ẹ ò bá lè dì í mú pẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. 55 sí 65 ìwọ̀n Celsius ni a ń fẹ́. Bó bá dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, hóró koríko àti kòkòrò àìsàn inú ìgbẹ́ á kú. Bó bá tutù, ohun tútù tàbí ìgbẹ́ ló kéré, tàbí omi.

Ọ̀rọ̀ omi lágbára ní Àbújá, pàápàá láti November tí ọyẹ́ bá ti wọlé. Ẹ bu ajílẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Omi díẹ̀ ló yẹ kó yọ láàárín ìka. Bó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Bó bá tú ká, ó gbẹ. Mi ò lè máa ra omi mẹ́ruwà fún òkìtì, torí náà omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì àti èyí tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́ la ń kó jọ sí korobá kan nílé wa. Omi ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ bo orí òkìtì pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn ọyẹ́ á fa gbogbo omi náà gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ yí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ti ìta bọ́ sínú, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìgbà tó ti tutù yìí ni olú àti ekòló ń wọlé, àwọn gan-an ló sì ń bá òkúta jà.

6. Lílò ó lórí ebè

Òkìtì náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ó dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ìdajì páànù fún 1 m² kọ̀ọ̀kan. Eruku òkúta tó máa dé ilẹ̀ níbẹ̀ á tó 1.5 kg. Ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ dé 15 cm, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ebè. Ilẹ̀ oníyanrìn ń yára gbà á. Ilẹ̀ tó jẹ́ kìkì amọ̀, ẹ fi ohun gbígbẹ kún òkìtì tirẹ̀, kí ẹ sì dín òkúta kù.

Eruku mábù, ìkúnwọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún 1 m², tààrà sórí ilẹ̀, kìkì nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ ti di kíkan. Ẹ má fojú díwọ̀n èyí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ sábà máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò.

7. Ẹ fi ebè kan sílẹ̀

Ebè kan, bọ̀tọ̀ nìkan, láìsí òkúta. Láìṣe èyí, ẹ ò ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún kìn-ín-ní tèmi, ebè méjèèjì ṣe déédéé. Ìgbẹ́ ló ń jíṣẹ́. Ọdún kejì ni tẹ̀tẹ̀ orí ebè olókúta bẹ̀rẹ̀ sí í le nígi, tí ọ̀dá àárín òjò ò sì tètè mú un rọ. Ní Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tí University of Sheffield kó jọ da basalt lílọ̀ sí oko àgbàdo àti sóyà, 50 tọ́ọ̀nù fún hẹ́kítà lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rin. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ni pé ìkórè fi 12% sí 16% pọ̀ sí i. Basalt nìyẹn o, òkúta náà sì pọ̀ púpọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ fi ti gíránáìtì sí ìsàlẹ̀ èyí lọ́kàn yín.

Ebè ewédú tó gan níjọ́sí, mo fi díígà fọ́ ọ, mo sọ ọ́ sínú òkìtì ọdún tó tẹ̀lé e ní wẹ́wẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ìyá alákàrà wá já tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ó fa ìdí kan tu pẹ̀lú gbòǹgbò. Ó fún mi, ó ní kí n wò ó. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ti gbọ̀n dànù, ṣùgbọ́n àwọn ìpẹ́ wínníwínní yẹn wà lára irun gbòǹgbò láti òkè délẹ̀, wọ́n ń kọ mànà. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò bọ́.